Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fífi infrared wo gáàsì ní láàbù kẹ́mísírì yunifásítì

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ yunifásítì ní kẹ́mísírì ni mo kọ èyí fún, àtàwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gbọ́ P àti R (ìhà méjì àwòrán tí gáàsì ń fún wa bí infrared, ìmọ́lẹ̀ ooru tí ojú kò rí, bá kọjá nínú rẹ̀) títí tí kò tíì yé wọn. Gáàsì HCl ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò sí iṣẹ́ láàbù mìíràn tí mo mọ̀ tó ń san èrè tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sán kan: akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti bébà àti kákúlétọ̀, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn gígùn ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ṣebí láti ọdún kejì la ti ń ṣe infrared pẹ̀lú KBr (irú iyọ̀ kan)? Kí la tún ń wá lọ sínú gáàsì?

Ìdánimọ̀ lẹ ń ṣe nígbà yẹn. Ẹ lọ nǹkan mọ́ KBr, ẹ tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ ya àwòrán, ẹ wá tábìlì. Ó wà nítòsí 1700 cm⁻¹ (iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú sẹ́ńtímítà kan), C=O nìyẹn. Ó fẹ̀ nítòsí 3300, O–H nìyẹn. Ó wúlò gan-an, àmọ́ bí ẹni ń fi fọ́tò wá èèyàn láàárín ọjà ni.

Mólékù tó wà nínú KBr tàbí nínú omi há sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò ráyè yí. Nínú gáàsì ó ráyè. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń yí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, yíyí yẹn ló sì ń la òkè kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín òòyà. Nínú àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí èkejì ni gígùn ìdè tó so átọ̀mù méjèèjì pọ̀ fara pamọ́ sí. Kò sí tábìlì tí ẹ máa wò. Ẹ máa ṣírò ni.

Afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀rọ náà. Kí ló dé tí kò fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Nítorí náítrójìn àti ọ́ksíjìn, tí àwọn méjèèjì kó bíi ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ gbígbẹ, kì í gba infrared. Kí mólékù tó lè gba ìmọ́lẹ̀ yìí, gbígbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí dipole rẹ̀ padà, ìyẹn ni pé kí ìyàtọ̀ iná tó wà láàárín ìhà rẹ̀ kan àti ìkejì máa pọ̀ kó sì máa dín bó ṣe ń gbọ̀n. Átọ̀mù méjì tó wà nínú N₂ dọ́gba délẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n fà kí wọ́n sún tó, kò sí ìhà tí iná rẹ̀ pọ̀ ju ti ìkejì lọ.

CO₂ ló máa ń jẹ́ kí èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ jù. Bí ọ́ksíjìn méjèèjì bá jọ ń fà síta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba tó ń fa okùn, kò sí ohun tó yí padà, infrared kò rí i. Bí ọ̀kan bá ń fà síta tí èkejì ń wọlé, ó hàn ní 2349 cm⁻¹. Bí mólékù náà bá ń tẹ̀, ó hàn ní 667. John Tyndall ti fi ohun èlò rẹ̀ wọ̀n ọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859 pé omi tó ti di gáàsì àti CO₂ ń gba ooru nígbà tí ọ́ksíjìn àti náítrójìn ń jẹ́ kó kọjá. Ẹni bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná lórí rédíò, ibí yìí ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Kí ni P, kí ni R, kí ló sì dé tí àárín wọn fi ṣófo?

Yíyí mólékù kì í ṣe bó ṣe wù ú. Àtẹ̀gùn ló wà ńbẹ̀, a sì ń fi J pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 0, 1, 2, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí HCl bá gba infrared, gbígbọ̀n rẹ̀ á gòkè ìpele kan, yíyí rẹ̀ á sì tún sún ní ìgbésẹ̀ kan. Tó bá gòkè, R ni. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, P ni. Kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, òfin kò gbà á láàyè, ìdí nìyẹn tí àárín, nítòsí 2886 cm⁻¹, fi ṣófo. Lápá kan R(0) wà ní 2906.2, lápá kejì P(1) wà ní 2865.1 (nọ́ńbà inú àkámọ́ ni J tí mólékù ti bẹ̀rẹ̀). Àlàfo yẹn tó 41, nígbà tí àlàfo tó kù kò ju bíi 20 lọ.

Ohun kan tó ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà: lórí àwòrán FTIR (ẹ̀rọ infrared tí a ń lò), òsì ni nọ́ńbà ńlá máa ń wà. Nítorí náà òsì ni R wà. Ẹni tó bá rò pé R dúró fún ọwọ́ ọ̀tún ti kọ́kọ́ ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwòrán náà dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan kákúlétọ̀. Eyín ìhà R ń súnmọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí àárín, ti ìhà P ń fẹ̀ sí i. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí mólékù bá ń gbọ̀n ní ìpele tó ga, ìdè rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, yíyí rẹ̀ sì lọ́ra díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé ìlà wo ló ga jù. Ọ̀pọ̀ á sọ pé R(0), torí òun ló kọ́kọ́ wà. Kì í ṣe òun. R(2) tàbí R(3) ni, torí nínú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 30°C, J = 3 ni mólékù pọ̀ sí jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ múra sí i, ó lè fi gíga àwọn ìlà yẹn ṣírò bí yàrá náà ṣe gbóná tó, láìfojú kan tẹmọ́mítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò náà lójú wa.

Ó dáa. Ọ̀nà tó kún fún àṣìṣe ni kí èèyàn wọn àlàfo eyín kan sí èkejì, kó kó gbogbo rẹ̀ jọ, kó pín in. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn àlàfo náà kò dọ́gba. Ẹ fi ìlà méjì tó parí sí ibì kan náà, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, yọ ara wọn.

R(0) àti P(2) jọ parí sí ìgbésẹ̀ J = 1 lókè. Nítorí náà ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan: 2906.2 − 2843.6 = 62.6, ìyẹn sì jẹ́ 6B₀ (B ni iye tó ń sọ bí àtẹ̀gùn yíyí náà ṣe fẹ̀ tó: B₀ fún ìpele gbígbọ̀n ìsàlẹ̀, B₁ fún ti òkè). B₀ jẹ́ 10.43 cm⁻¹. R(1) àti P(1) jọ bẹ̀rẹ̀ láti J = 1 nísàlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ òkè nìkan ni wọ́n ń sọ: 2925.9 − 2865.1 = 60.8, ìyẹn 6B₁. B₁ jẹ́ 10.13. Ẹ rí i pé òkè kéré sí ìsàlẹ̀, bí a ṣe sọ. Ẹ ṣe bákan náà fún gbogbo ìlà tó kù, ẹ ya gíráàfù, kí ìlà tààrà náà sọ iye B fún yín dípò ìlà méjì péré.

Láti B dé gígùn: I = h/8π²cB, níbi tí I ti ń sọ bó ṣe ṣòro tó láti yí mólékù náà, h jẹ́ nọ́ńbà Planck, c sì jẹ́ ìyára ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi c sí sẹ́ńtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá, torí B wà ní cm⁻¹. Ibí ni mo ti rí ìdè HCl tó gùn ju láàbù lọ. Pẹ̀lú B₀ = 10.44 tí gíráàfù fún wa, I jẹ́ 2.68 × 10⁻⁴⁷ kg m². Ìwúwo tí a ń pín in fún kì í ṣe ti háídrójìn, kì í sì í ṣe ti klorínì. Ti àwọn méjèèjì pọ̀ ni, m₁m₂/(m₁+m₂), tó jẹ́ 1.627 × 10⁻²⁷ kg. Ẹ pín, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ẹ óò rí 1.284 × 10⁻¹⁰ mítà.

Ìwé sọ pé 1.2746. Ṣé àṣìṣe la ṣe ni?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ń ronú.

Mólékù kì í dákẹ́. Ní ìpele tó rẹlẹ̀ jù pàápàá, ó ṣì ń gbọ̀n. B₀ ń sọ gígùn ìdè nígbà tó ń gbọ̀n yẹn, r₀. Èyí tí ìwé kọ, rₑ, ni gígùn tí ìdè ìbá ní bí mólékù bá lè dákẹ́ pátá ní ìsàlẹ̀ kòtò agbára rẹ̀. Láti dé ibẹ̀, ẹ mú ìyàtọ̀ B₀ àti B₁, tó jẹ́ nǹkan bíi 0.30, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi kún B₀. Ẹ óò rí Bₑ nítòsí 10.59. Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i: 1.275.

Agbára ìdè náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi 2886 ṣe é, ẹ óò rí bíi 481 N/m. Ìwé máa ń kọ 516, torí 2991 ló fi ṣe é, lẹ́yìn tó ti yọ ìwà àìdọ́gba ìdè náà, tó ń ṣe bíi sípíríǹgì, kúrò. Bí ẹ bá lè rí òkè kékeré tó wà nítòsí 5668 cm⁻¹, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wò ó: ìlọ́po méjì 2886 jẹ́ 5772. Ìlà náà kò dé ibẹ̀.

Eyín kọ̀ọ̀kan là sí méjì. Ṣé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ ni?

Ẹ̀rọ yín dáa gan-an ni. Klorínì méjì ló wà láyé, ³⁵Cl àti ³⁷Cl, èyí àkọ́kọ́ sì pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta èkejì. Èyí tó wúwo ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ sí i, nítorí náà ìlà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 2 cm⁻¹.

Ìtàn rẹ̀ dùn. Elmer Imes, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó gba oyè dókítà nínú físíìsì ní Yunifásítì Michigan ní 1918, tẹ ìwọ̀n HCl, HBr àti HF jáde ní 1919. Kò sí FTIR nígbà yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà. Awo tí wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sí lára ló fi ń ya ìmọ́lẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n níbì kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rí i pé àwọn ìlà kan nínú HCl ní èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1920, Loomis ní Amẹ́ríkà àti Kratzer ní Jámánì ṣàlàyé pé ísótòpù klorínì ni. Iṣẹ́ Imes wà lára ẹ̀rí tó fi hàn àwọn onímọ̀ pé yíyí mólékù ń lọ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ ní tòótọ́. Ó padà lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Fisk, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1941. Mo máa ń sọ ìtàn yìí kí a tó tan ẹ̀rọ. Ìwé ẹ̀kọ́ tí mo lò nígbà tèmi kò dárúkọ rẹ̀.

Àmọ́ tiwa kò jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Gáàsì yín pọ̀ jù. Bí ìsàlẹ̀ ìlà bá ti kan òdo, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó kù láti gbà mọ́, nítorí náà ³⁵Cl kò lè jìn sí i nígbà tí ³⁷Cl ṣì ń lé e bọ̀. Ẹ dín in kù. Ẹ sì rí i pé absorbance (bí gáàsì ṣe gba ìmọ́lẹ̀ tó) lẹ fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe transmittance (ìmọ́lẹ̀ tó kọjá).

Resolution (bí ojú ẹ̀rọ ṣe mú tó) mélòó ló tó?

Fún kí eyín òòyà hàn, 4 cm⁻¹ tó, torí àlàfo wọn tó 20. Fún ísótòpù, ó kéré tán 1, 0.5 ló sì dáa. Inú FTIR, dígí kan ló ń rìn lọ rìn bọ̀. Bó bá rìn sẹ́ńtímítà kan, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ á ti yàtọ̀ ní sẹ́ńtímítà méjì, torí ó lọ, ó bọ̀. Ìdá kan lórí méjì jẹ́ 0.5. Bí dígí bá ṣe rìn jìnnà tó lojú ẹ̀rọ ṣe mú tó. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é ní 4, ní 2, ní 0.5, kí wọ́n tò ó léra wọn. Àwòrán mẹ́ta yẹn á ṣe ohun tí wákàtí kan pátákó kò lè ṣe.

Báwo la ṣe ń rí HCl náà?

Iyọ̀ ìsebẹ̀ àti H₂SO₄ ògidì, nínú fume cupboard (àpótí tó ń fa èéfín jáde). Ẹ jẹ́ kí ásíìdì máa kán sórí iyọ̀ lẹ́kàn lẹ́kàn, ẹ gba gáàsì náà kọjá nínú ìgò H₂SO₄ mìíràn kó lè gbẹ, kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì (páìpù oní-fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) sẹ́ńtímítà 10. Bí ẹ bá ní pọ́ǹpù, ẹ fa sẹ́ẹ̀lì gbẹ́, kí ẹ jẹ́ kí bíi 50 sí 100 torr wọlé. Bí ẹ kò bá ní, ẹ jẹ́ kí gáàsì ṣàn kọjá díẹ̀, kí ẹ fi náítrójìn gbígbẹ là á.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ jáde sínú yàrá. Omi ló ń lọ, nípasẹ̀ fọ́nẹ́ẹ̀lì tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀ tí etí rẹ̀ kan fara kan omi. Ẹ má ti ẹnu páìpù bọ inú omi láé. HCl ń wọ inú omi tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi máa ń sáré padà sẹ́yìn sínú ìgò ásíìdì, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Òṣìṣẹ́ láàbù tó mọ̀ ọ́n ni kó ṣe gáàsì náà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti dí pa.

Fèrèsé sẹ́ẹ̀lì wa ti fọ́jú. Ojú òjò la wà.

Ẹ pẹ̀lẹ́. NaCl ni fèrèsé yẹn, iyọ̀ gan-an. Mo gbàgbé ọ̀kan sórí tábìlì mọ́jú nínú oṣù keje rí. Nígbà tí mo dé lárọ̀ọ̀, ó ti rí bí dígí balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú rẹ̀.

Fún HCl, ẹ ra CaF₂ bí owó bá wà. Omi kì í yọ́ ọ, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dé nǹkan bíi 1100 cm⁻¹, gbogbo ohun tí HCl ní sì ga ju ìyẹn lọ. Àmọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ẹ kò ní rí 667 CO₂. Bí NaCl tàbí KBr lẹ ní, inú desiccator (àpótí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé) ló ń sùn, ẹ̀bá rẹ̀ la sì ti ń dì í mú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ máa wo silica gel yín. Èyí tó bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, tó yẹ kó jẹ́ búlúù, ẹ dá a padà sínú ààrò kó gbẹ.

Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ FTIR, awo KBr ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú yàrá tí kò ní ẹ́síì, nígbà òjò, ìnáwó ló ń pè. Bí iná bá wà, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn.

Ọ̀gá wa kò gbà ká ṣe HCl. Kí la lè lò?

Èémí yín. Ẹ fẹ́ bàlúùnù bí ti ọmọdé, ẹ gba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kọjá nínú páìpù tó ní calcium chloride kó má ba fèrèsé jẹ́, CO₂ inú rẹ̀ á tó bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.6 cm⁻¹, nítorí náà ó gba ojú ẹ̀rọ tó mú. Ẹ̀kọ́ tó fara sin níbẹ̀ ni pé ìdajì àwọn ìlà tó yẹ kó wà kò sí rárá, nítorí ọ́ksíjìn méjèèjì jẹ́ ìkan náà tí nucleus wọn (àárín gbùngbùn átọ̀mù) kò sì ní spin (ìwà bíi yíyí lójú kan).

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni kàbáìdì àwọn wẹ́dà, èyí kan náà tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lọ́nà àìtọ́. Gíráàmù kan èyí tó mọ́ á mú bíi mìlílítà 350 acetylene jáde nínú omi. Nǹkan bíi hóró ẹ̀pà kan ti pọ̀ tó. Nítòsí 1328 cm⁻¹, ẹ óò rí P àti R tí ìlà wọn ń ga, ń kúrú, ń ga, ń kúrú, mẹ́ta sí ọ̀kan. Kì í ṣe ísótòpù lọ́tẹ̀ yìí. Spin háídrójìn méjèèjì ni. Acetylene yára gbiná gan-an, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí iná nítòsí, páìpù kọ́pà kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Òórùn búburú kàbáìdì ọjà ń bá phosphine rìn, májèlé ni, nítorí náà fume cupboard kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Gáàsì ìdáná tí a ń rà nínú sílíńdà kì í ṣe methane. Propane àti butane ni. Mólékù wọn wúwo, ìlà wọn sì wọnú ara wọn, nítorí náà ẹ óò rí òkè, ẹ kò ní rí eyín.

CO rẹwà lójú ìwé, àárín rẹ̀ wà ní 2143, àlàfo rẹ̀ bíi 3.8. Àmọ́ òun náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé mọ́jú. Kò ní òórùn. Èmi kì í fún ọmọ ọdún kẹta.

A kò ní FTIR. Tàbí a ní, iná ò sí.

HITRAN, ibi tí wọ́n kó ìlà gáàsì jọ sí, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀. Ibi tí ìlà HCl, CO, CO₂ àti acetylene wà, pẹ̀lú agbára wọn, ló kún inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ yọ orúkọ P àti R kúrò lára rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn dá wọn mọ̀. Kò tó kí èèyàn rí ìlà náà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ, èmi kò ní purọ́. Àmọ́ gbogbo ìṣirò tó wà lókè yìí ṣeé ṣe lábẹ́ igi.

Báwo lẹ ṣe ń máàkì rẹ̀?

Mo máa ń kọ́kọ́ wo bí ọmọ náà ṣe ka J. Ẹni tó bá pe àárín tó ṣófo ní ìlà kan, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀, àmọ́ bí ìṣirò rẹ̀ bá lọ déédéé láti ibẹ̀, mi ò ní fi ìyà kan náà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì.

Lẹ́yìn náà mo máa ń wá 1.2746. Lọ́dún kan, ọmọ mọ́kànlá ló kọ ọ́, títí dé nọ́ńbà ìkẹyìn, tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lókè kò sì lè bí i láéláé. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n tún un ṣe lójú mi. Mẹ́jọ nínú wọn rí 1.28 àti díẹ̀, ojú sì tì wọ́n, wọ́n rò pé àwọn tún ti kùnà. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò tíì kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ r₀ àti rₑ kí wọ́n tó wọ láàbù. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá kọ 1.284, tó sì sọ ìdí tí kò fi jẹ́ 1.275, máàkì rẹ̀ pé.